Òjò Àná Nínú Ìwé Òní

Àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé a máa sọ̀rọ̀ yìnyín títí ẹnu wọn á fi gbẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́, owó wọn ni wọ́n fi rí i. Èmi ò dé Lọ́ńdọ̀nù. Kàdúná ni òkè òkun tèmi, ọyẹ́ sì ni yìnyín tèmi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo jí nínú yàrá tí mo gbà ní Badarawa, mo ní kí n yán báyìí, ètè mi ìsàlẹ̀ là sí méjì bíi gbànja. Mo figbe ta. Mo rò pé wọ́n ti fi nǹkan ṣe mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pàápàá. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sáré wọlé, ó wo ẹnu mi, ó wo ẹ̀jẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Sannu, Bayarabiya," ó ní, pé kí ọmọ Yorùbá pẹ̀lẹ́. Ó bu òrí sí mi lọ́wọ́, ó fi ìka ara rẹ̀ hàn mí bí mo ṣe máa fi í pa ètè.

Orúkọ mẹ́rin ni mo gbé kúrò nílé wa lẹ́bàá Kàbbà. Bàbá mi sọ mí ní ọ̀kan, ìyá mi sọ mí ní ọ̀kan, ìyá bàbá mi ní òun kò ní jẹ́ kí ti òun sọnù, pásítọ̀ sì fi omi gbé ìkẹrin lé mi lórí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ẹyọ kan: Bayarabiya. Wọn ò fi bú mi o. Bí wọ́n ṣe ń pe ewúrẹ́ ní ewúrẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà míì tí wọ́n bá pè é, mo máa ń bojú wẹ̀yìn, kí n wo Bayarabiya ọ̀hún, bóyá ó ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣàwàdà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí sí, iṣẹ́ ìsọlórúkọ ni.

Ọ́fíìsì ojú ọjọ́ ni, kò jìnnà sí Ungwan Dosa. A ní ibùdó mẹ́tàlá káàkiri Òkè Ọya, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wọn òjò, ooru, afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin lójoojúmọ́. Oṣooṣù ni ìwé wọn ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dá ti fojú àwọn darandaran rí màbo ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, màlúù ti kú bí eṣinṣin. Àwọn onímọ̀ kan ní òkè òkun gidi, òkè òkun àwọn oníyìnyín, wá ní àwọn fẹ́ fi kọ̀mpútà ṣe àwòkọ ojú ọ̀run, kí àwọn lè mọ̀ bóyá ọ̀dá náà ń padà bọ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Èkó, Èkó kọ̀wé sí wa: ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ti wọ̀n jọ, kí ẹ lù ú sí káàdì fún kọ̀mpútà, ṣùgbọ́n kí nǹkan kọ̀ọ̀kan ní orúkọ kan ṣoṣo.

Orúkọ kan ṣoṣo yìí ni wàhálà. Èèyàn tó bá rí "Rain" nínú ìwé kan, tó rí "R.F." nínú èkejì, tó rí "Ruwa" gàdàgbà nínú ìwé ará apá Sókótó, á mọ̀ pé òjò ni gbogbo wọn. Kọ̀mpútà kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bọ́ láti ọ̀run. Àwọn kan ṣì ń fi íǹṣì wọn òjò, àwọn kan ti bọ́ sí mìlímítà. Ooru nìkan ní orúkọ mọ́kànlá, bí ọba.

Ọ̀gá wa ń jẹ́ Bitrus. Ọmọ apá Kafanchan ni, ó ga, ó gbẹ, bíírò onítàdáwà pupa kì í sì í kúrò lápò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ní Haúsá nínú ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ń yí i sí Yorùbá fún yín.

"Ìwọ lo máa ṣe ìwé orúkọ náà," ló sọ fún mi. "O ṣì wà lábẹ́ àyẹ̀wò. Bí o bá ṣe é dáadáa, mo máa fọwọ́ sí i kí wọ́n fìdí iṣẹ́ rẹ múlẹ̀. Bí o bá ṣe é burúkú, ọkọ̀ Kàbbà kì í wọ́n ní gáréèjì."

Mo jókòó ti ìwé fún oṣù mẹ́rin. Orúkọ tí mo bá rí tó yàtọ̀, mo fa ìlà pa á, mo fi tèmi sí i. Kí n má purọ́, mo gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Badarawa wá di ẹni tó ń gba orúkọ lọ́wọ́ ibùdó mẹ́tàlá.

Nínú gbogbo àwọn tó ń wọn òjò, Bàbá Lámídì nìkan ló ń gbé ìwé rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Mando ni ibùdó rẹ̀, lójú ọ̀nà àríwá, kẹ̀kẹ́ ló sì máa ń gùn wá. Ó ní òun kò lè fi òjò òun lé àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ lọ́wọ́. Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló bá iṣẹ́ rélùwéè débẹ̀ láti apá Òṣogbo. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń wọn òjò ní Mando. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ẹnu rẹ̀ kò dùn ún rárá.

"Ìyàwó mi, ọmọ Kàbbà!" á ti pariwo láti ẹnu géètì. "Ṣé o ti ń jẹ tuwo, àbí ebi ṣì ń pa ọ́ níbi tí oúnjẹ wà?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Mò ń jẹ ẹ́."

"Yauwa! Ojú rẹ ò fi hàn. Ìwé mi rèé. Má jẹ́ kí omi kán sí i o; omi tó wà nínú rẹ̀ ti tó o."

Nínú ìlú tí mi ò ti lẹ́nìkan, ìwọ̀nba ìgbà tí ẹnìkan ń fi Yorùbá bú mi bí ẹbí nìyẹn. Mo máa ń ka ọjọ́ dè é.

Níjọ́ kan mo ń tún ìwé rẹ̀ ṣe, mo rí i pé lórí òpó òjò, kò kọ "Rain", kò kọ "R.F." lásán. "R.F. Jiya" ló kọ, lójú ewé gbogbo, láti ọdún gbọ́nhan. Mo bi Rukayat léèrè, ọmọbìnrin tó ń lu káàdì. Ọmọ Ọ̀fà ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí: á gbọ́ Yorùbá mi délẹ̀délẹ̀, á sì fi Haúsá dá mi lóhùn.

"Rukayat, kí ni jiya?"

"Àná," ó ní. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. "Tsoho ne, ki bar shi kawai." Pé arúgbó ni, kí n fi í sílẹ̀.

Òjò àná. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo ní Bàbá yìí, ó tún ń bá ìwé sọ̀tàn. Mo fa ìlà pa Jiya. Mo kọ orúkọ tí mo fún òjò sí i. Ìgbà tí mo parí, ìwé orúkọ mi mọ́ tóní, Ọ̀gá Bitrus fọwọ́ sí i, ó lọ sí Èkó.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Ọ̀gá pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó ti tẹ́ ìwé gígùn méjì sílẹ̀ lórí tábìlì: òjò Mando àti òjò tí a wọ̀n nínú ọgbà ọ́fíìsì wa fúnra wa.

"Wo ibí," ó ní. "Ọjọ́ kejìlá, òjò rọ̀ ní Mando, ilẹ̀ gbẹ lọ́dọ̀ wa. Ọjọ́ kẹtàlá, òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ gbẹ ní Mando. Ọjọ́ kejìdínlógún, Mando. Ọjọ́ kọkàndínlógún, àwa. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí títí dé òpin oṣù tó kọjá. Kí lo rí?"

"Bóyá òjò máa ń dé Mando ṣáájú, sà."

"Haba! Ní ọjọ́ kan gbáko? Bàbá ń fi kẹ̀kẹ́ wá síbí kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣé kẹ̀kẹ́ arúgbó wá yá ju òjò Ọlọ́run lọ ni?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rí ojú rẹ̀, mo gbé e mì.

"Kò lọ síbi iṣẹ́," ó ní. "Ó ń jókòó sílé, ó ń fi ìrántí kọ òjò ọ̀sẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọjọ́ wá ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́."

Òjò orí ẹní là ń pe irú rẹ̀ lọ́fíìsì wa: òjò tí ẹni tó ń kọ ọ́ kò dìde lórí ẹní kó tó kọ ọ́. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ju ìyẹn lọ nínú iṣẹ́ wa. Bí àlùfáà ṣe máa gba sàká jẹ ni. Ní àwọn ọdún ológun yẹn, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ falẹ̀. Rédíò lè ka orúkọ ènìyàn nínú ìròyìn àárọ̀, kí ẹni náà má padà sórí àga rẹ̀ mọ́.

"Ọjọ́ Ajé ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e," Ọ̀gá ní. "Wọ́n á lé e, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ á sì bá a lọ. Tún ìwé méjèèjì yìí kọ ní mímọ́ fún wọn. Àti pé, o ṣé o. Bí kì í bá ṣe ìwé orúkọ rẹ tó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a kì bá tí rí i."

Ẹ má bú mi. Kí n tó rántí pé Bàbá Lámídì ni, inú mi dùn. Oṣù mẹ́rin tí mo fi fa ìlà ti mú olè. Mo jáde, mo sì sọ fún Rukayat, ohùn mi ga díẹ̀. Ó dá lílu káàdì dúró.

"Baba Lamidi? Wallahi, ba zai yi ba." Pé kò lè ṣe é láé. Ó wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi, ó yí padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi ṣíwọ́.

Ó ku oṣù márùn-ún kí Bàbá fẹ̀yìn tì.

Ìdálẹ̀ ní ìwà kan: kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ẹni bi léèrè. Bó bá jẹ́ ilé ni, mo mọ ilé tí mo máa kọ́kọ́ yà, mo mọ ẹni tó máa sọ pé ọmọ yìí, jókòó, kí ló dé? Ní Badarawa, mo jókòó ti tuwo mi lọ́jọ́ Ẹtì títí ó fi le bí òkúta. Àwọn ará ilé ń kí mi, mo ń dáhùn, Haúsá mi sì ti tó láti sọ pé àlàáfíà ni. Kò tíì tó láti sọ pé kì í ṣe àlàáfíà.

Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù ni mo máa ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Á wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Kàbbà, á jókòó ti tẹlifóònù, èmi á tò síbi tèmi ní Kàdúná títí wọ́n á fi so wáyà méjèèjì pọ̀. Ìyá mi kò gbà pé wáyà lè gbé ohùn lọ fúnra rẹ̀. Á ràn án lọ́wọ́.

"Ọ̀kún o!" Gbogbo ilé ìfìwéránṣẹ́ Kàdúná gbọ́ ìkíni ilé wa. "Ọmọ mi, ọ̀kún o! Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn. Àgbẹ̀ ni. Kò ka iṣẹ́ mi sí iṣẹ́ àjèjì. Lójú tirẹ̀, ìjọba ti gba àgbẹ̀ kan síṣẹ́ láìfún un ní ọkọ́.

"Ó ń rọ̀, Màmá. Tiyín ńkọ́?"

"Tiwa? Hẹn-ẹn! Òjò àná, ìyẹn gbé òrùlé àká mi lọ! Gbogbo àgbàdo ló rin gbingbin."

Mo ti lo oṣù mẹ́rin nídìí ọjọ́ àti òjò. Ẹnu mi ò gbọ́ tèmi mọ́.

"Àná, Màmá? Àbí àárọ̀ yìí? Ìgbà wo lẹ rí omi náà?"

"Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo rí i. Kí ló wá kàn ọ́?"

"Ṣé òjò òní wá kọ́?"

"Ìwọ ọmọ yìí! Àná ló ṣú. Àná ni mo ń sáré kó aṣọ. Pé òní ni mo jí bá omi nínú àká, ìyẹn wá sọ ọ́ di òjò òní? Bí olè bá jà ọ́ lánàá, tí o jí lónìí rí i, ṣé òní ló jà ọ́?"

Mo di wáyà mú.

"Ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé wọ́n ti gba wáyà lọ́wọ́ rẹ ni?"

"Mò ń gbọ́, Màmá. Mò ń gbọ́ dáadáa."

Jiya. Lójú ewé gbogbo. Bàbá kò bá ìwé sọ̀tàn. Èmi ni mi ò gbọ́ nígbà tí ó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta náà. Lọ́jọ́ Àìkú, dípò ṣọ́ọ̀ṣì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Mando. Mo fẹ́ fojú ara mi rí i. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù ni mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wáyà kékeré náà, níbi tí agolo bàbà tó ń gba òjò wà nínú ilẹ̀. Mo ní, bí kò bá jáde ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹní ló wà ní tòótọ́?

Agogo mẹ́sàn-án gééré, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Lámídì jáde pẹ̀lú ife gíláàsì onílà lọ́wọ́ kan àti ìwé lábẹ́ apá.

"Subhanallahi! Ìyàwó mi! Ṣé wọ́n lé ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Mo ní kí n wá wo ibi tí ẹ ti ń pọn omi ìjọba, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì kúnlẹ̀. Kíkúnlẹ̀ yẹn gba àkókò: orúnkún kan, ó sinmi, orúnkún kejì. Ó da omi sínú ife, ó gbé e sókè títí ojú rẹ̀ fi bá omi dọ́gba, ó mú èémí dúró. Ó wá dìde, ó ṣí ìwé, ó sì kọ ọ́ síwájú Àbámẹ́ta.

"Bàbá, òní ni ọjọ́ Àìkú."

"Ta ló ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ kọ ọ́ sí àná."

"Ìgbà wo ló rọ̀?" Ó nu ife rẹ̀. "Òyìnbó tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ ọ́: omi tí o bá bá láàárọ̀, ti àná ni, má fi kọ́ òní lọ́rùn. Mo wá mú Jiya, mo kọ ọ́ sórí rẹ̀, kí ẹni tí kò gbọ́n má baà ṣì í kà."

Kí ẹni tí kò gbọ́n má baà ṣì í kà. Mo dúró níbẹ̀, èmi ọlọ́gbọ́n.

"Ọ̀gá Bitrus ní kí n wá lọ́la," ó tún ní, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìgbìmọ̀, wọ́n ní. Mo mọ ohun tó jẹ́. Oṣù márùn-ún ló kù fún mi. Wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Mo ti ní kí wọ́n lọ agbádá mi."

Ó yẹ kí n sọ fún un. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

Lọ́jọ́ Ajé, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì. Ìwé wa kì í fi ti òjò tó rọ̀ lánàá ṣe. Ọjọ́ tí a bá kà á là ń kọ ọ́ sí. Àwa àti Bàbá la jọ ń wọn òjò kan náà, tí ọ̀kan ń kọ ọjọ́ tó bọ́, tí èkejì ń kọ ọjọ́ tí a gbé e. Nǹkan méjì ni, èmi sì ti fún wọn lórúkọ kan.

Mo mú sísọ́ọ̀sì, mo gé òjò Mando kúrò lára ìwé gígùn náà bí ẹni gé okùn aṣọ. Nígbà tí Ọ̀gá wọlé, mo tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo sì fà á wálẹ̀ ní ìlà kan. Ọjọ́ kan péré. Òjò bá òjò pàdé, ọ̀gbẹlẹ̀ bá ọ̀gbẹlẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá fi bíírò pupa tẹ ibì kan. "Ọjọ́ kan yìí kò bára mu. Òjò Mando, kò sí tiwa."

"Òjò yẹn lu aṣọ mi lórí okùn ní Badarawa, sà. Kò dé Ungwan Dosa. Ẹni tó bá jókòó sílé, tó ń jí òjò wa kọ, ibo ni ì bá ti rí ìyẹn?"

"Ta ló yọ Jiya kúrò?"

Ẹ wò ó, irọ́ wà lẹ́nu mi. Rukayat ló lu káàdì, ìwé já, ó ti pẹ́. Gbogbo wọn tò sórí ahọ́n mi bí àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀.

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o mọ ohun tí o ń sọ? Ìwé yẹn ti dé Èkó. Orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Mo mọ̀, sà."

Ó kó ìwé jọ, ó sì jáde lọ bá ìgbìmọ̀ láìwẹ̀yìn.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, Bàbá Lámídì ti jókòó, agbádá funfun, fìlà tuntun, obì tó wé sínú àpò bébà fún Ọ̀gá. Mo jókòó tì í. Kò sí ibi tí mo lè sá sí.

"Bàbá, kì í ṣe ọpẹ́ ni wọ́n pè yín fún. Wọ́n ní ẹ̀ ń kọ òjò orí ẹní." Mo sọ ìyókù, gbogbo rẹ̀, láti ìlà tí mo fi pa Jiya dé ẹ̀rín tí mo rín.

Bàbá kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó yí àpò obì náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ogún ọdún ó lé," ó ní. "Ọjọ́ tí ìyá àwọn ọmọ mi kú, agogo mẹ́sàn-án, mo kúnlẹ̀ níbẹ̀." Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "O lè bi mí, ṣé o mọ̀? Mo máa ń wá síbí."

Wọ́n pè é wọlé.

Wọn ò lé e. Ọ̀gá tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú wọn, ó fà á wálẹ̀ ní ìlà kan bí mo ti ṣe é. Alága ìgbìmọ̀ ní kó tún un ṣe kí òun wò ó, ó tún un ṣe. Bàbá jáde, ó bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó kọjá lára mi lọ síbi kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àpò obì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tèmi? Wọ́n sún ìfìdímúlẹ̀ iṣẹ́ mi síwájú ní oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá ní kí n ṣí ìwé ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá látìbẹ̀rẹ̀, kí n kọ̀wé sí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń wọn nǹkan, kí n bi í léèrè: kí lo ń wọ̀n, ìgbà wo, ọjọ́ wo lo ń kọ ọ́ sí? Àwọn èsì dé. Ọkùnrin kan ń ka ooru lọ́sàn-án, ó ń pè é ní ti àárọ̀. Ará apá Sókótó tó kọ Ruwa ń fi ìrì kún òjò, ó ní ọ̀run kan náà ló ti wá. Ibùdó mẹ́rin mìíràn ń kọ òjò àná bíi ti Bàbá. Bí ìwé àkọ́kọ́ bá ti Èkó lọ bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ lókè òkun ì bá kó ìjì kan ṣoṣo sí ọjọ́ méjì. Mo ṣe ìwé tuntun: orúkọ, ohun tí a fi wọ̀n ọ́n, àti ọjọ́ tó ni ín. Kò mọ́ tóní bíi ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ló wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní òpin oṣù yẹn, ìwé Mando dé nínú àpò ìfìwéránṣẹ́, pẹ̀lú sítáǹbù. Oṣù kejì, sítáǹbù. Rukayat gbé e lé tábìlì mi. N ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ènìyàn lè ṣàárò ẹni tó ń bú u.

Ní àwọn oṣù yẹn ni mo rò ó dáadáa. Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún, àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń pè mí ní ará Kàdúná. Ní Kàdúná, Bayarabiya ni mí. Mo ti máa ń sunkún pé orúkọ wọ̀nyí pọ̀ jù fún mi, pé kí àwọn èèyàn mú ọ̀kan. N ò sunkún bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń jẹ́ ọ̀kan kọ́ ló ń jẹ́ èkejì pátápátá, mo sì ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọlọ́gbọ́n kan bá mú bíírò, tó fa ìlà pa ọ̀kan kí ìwé lè mọ́.

Ní Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹta lẹ́yìn ìgbìmọ̀ náà, mo tún wọ ọkọ̀ Mando. Òjò ti rọ̀ ní alẹ́ Ẹtì, ilẹ̀ ṣì tutù. Agogo mẹ́sàn-án gééré, ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá rí mi. Kò pè mí ní ìyàwó. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹrẹ̀ níbẹ̀, bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa, aṣọ mi kò jẹ́ nǹkan kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi ìwé ránṣẹ́ mọ́. Ẹ máa gbé e wá."

Ó wò mí pẹ́. Ewúrẹ́ kan kọjá, ó wò mí pẹ̀lú.

"Bí o ti wà nílẹ̀ yẹn," ó ní, "o kúkú ti súnmọ́ iṣẹ́. Orúnkún tìrẹ ṣì dára." Ó na ife gíláàsì sí mi.

Mo yọ agolo bàbà. Mo da omi sínú ife.

"Ojú rẹ ga jù. Wálẹ̀. Wálẹ̀ sí i. Omi ò ní wá bá ọ, ìwọ lo máa lọ bá a."

Mo kà á. Ó ṣí ìwé síwájú mi, ó fún mi ní bíírò, kò sì sọ ibi tí mo máa kọ ọ́ sí. Mo kọ ọ́ síwájú Ẹtì. Ó na ọrùn wò ó.

"Yauwa," ó ní. "Ìyàwó mi ti ń gbọ́n díẹ̀díẹ̀. Tuwo ló ṣe é."

Láti ibẹ̀ mo lọ tààrà sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹrẹ̀ lára, mo tò títí wọ́n fi so wáyà pọ̀.

"Ọ̀kún o!" Gbogbo Kàdúná gbọ́. "Ṣé òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ yín?"

"Ó rọ̀, Màmá."

"Ìgbà wo?"

"Àná ló rọ̀," mo ní. "Òní ni mo kà á."